Ẹja òkú tí kọ̀ǹpútà ní ó ń ronú: Iṣẹ́ ńlá tó wà lọ́rùn àwọn tó ń yẹ kóòdù àwòrán ọpọlọ wò

Ẹja sámọ́nì kan ni wọ́n gbé sínú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń ya àwòrán ọpọlọ èèyàn. Ẹja náà ti kú kí wọ́n tó gbé e débẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún èèyàn ni wọ́n ṣe fún un. Wọ́n fi fọ́tò àwọn èèyàn hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kó sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó wà nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, bóyá inú onítọ̀hún ń dùn ni àbí inú ń bí i. Ẹja ò fèsì, nítorí òkú ò kì í fọhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé àwòrán náà fún kọ̀ǹpútà pé kó bá àwọn ṣe ìṣirò rẹ̀, kọ̀ǹpútà ní òun rí ibì kan nínú ọpọlọ ẹja náà tó ń ṣiṣẹ́ lásìkò tí wọ́n ń fi fọ́tò hàn án!

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́ o. Craig Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn Abigail Baird, Michael Miller àti George Wolford, ló ṣe é ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ síwájú ìpàdé àwọn onímọ̀ àwòrán ọpọlọ lọ́dún 2009. Nígbà tó di ọdún 2012, wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ Ig Nobel dá wọn lọ́lá, ìyẹn àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n máa ń fún ìwádìí tó kọ́kọ́ máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín kó tó wá mú un ronú.

Bennett àti àwọn èèyàn rẹ̀ ò sọ pé ẹja òkú ń ronú. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé béèyàn ò bá ṣe ìṣirò náà bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà á rí ẹ̀mí níbi tí ẹ̀mí ò sí. Bó bá rí i lára ẹja òkú, gbogbo èèyàn á mọ̀ pé irọ́ ni. Àmọ́ tó bá rí i lára èèyàn alààyè ńkọ́? Ta ló máa mọ̀?

Ìbéèrè yìí ló sọ iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbọ́ nípa ẹ̀ rí di iṣẹ́ pàtàkì. Lẹ́yìn gbogbo àwòrán ọpọlọ aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò tí wọ́n ń gbé jáde nínú ìwé ìròyìn àti lórí tẹlifíṣọ̀n, kóòdù kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tó pinnu ibi tó yẹ kó pupa. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ló kọ kóòdù náà, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló sì ń tún un ṣe. Kí àtúnṣe kankan tó wọlé, ó ní láti kọjá lójú àwọn kan. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní olùyẹ̀wò kóòdù.

ẸṢẸ̀ Ẹ̀JẸ̀ NI ẸRỌ NÁÀ Ń TỌ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní MRI máa ń rí èrò ọkàn èèyàn. Rárá o, ẹ̀jẹ̀ ló ń rí. Lọ́dún 1990, Seiji Ogawa, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé ẹ̀rọ náà lè dá ẹ̀jẹ̀ tó gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ọ́síjìn ti tán lára rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1992, wọ́n ti ń lo ọgbọ́n yìí fún èèyàn. Tí apá kan nínú ọpọlọ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ tuntun á sáré lọ síbẹ̀, báwọn èrò ṣe máa ń ya lọ síbi tí wọ́n ti ń pín jọ́lọ́ọ̀fù lóde àríyá.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àyípadà náà kéré gan-an, ariwo sì pọ̀ nínú àwòrán náà. Ọkàn ẹni tó sùn sínú ẹ̀rọ ń lù kìkì, ó ń mí, orí rẹ̀ ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ náà sì ní ariwo tirẹ̀. Ó dà bí ẹni tó dúró sí gáréèjì ọkọ̀ lọ́jọ́ ọjà, tó ń gbìyànjú láti gbọ́ ohun tí onígángan kan ń sọ ní òdìkejì títì. Ìṣirò nìkan ló lè yọ ohùn gángan náà kúrò láàárín ariwo.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Kọ̀ǹpútà á gé àwòrán ọpọlọ sí kéékèèké, bíi ṣúgà onígun mẹ́rin tí wọ́n ń jù sínú tíì, ṣùgbọ́n ti ọpọlọ yìí kéré ju ti ṣúgà lọ fíìfíì. Voxel ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n lè tó 100,000 nínú orí ẹnì kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà á wá bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè pé: nígbà tá a fi fọ́tò hàn án, ṣé ẹ̀jẹ̀ tìẹ gbéra?

Ibẹ̀ gan-an ni ẹja òkú ti wọlé. Àṣà àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni láti gbà pé àwọn lè ṣìnà nígbà 5 nínú 100. Tó bá jẹ́ ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi, kò burú. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi 100,000 voxel ní ìbéèrè kan náà, nǹkan bí 5,000 nínú wọn ló máa dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni" láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá ń ta kọ́bọ̀ sókè, tí kálukú ta tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà nínú wọn tí orí kọ́bọ̀ máa yọ sí ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ìyẹn ò sọ onítọ̀hún di babaláwo. Èrò ló pọ̀.

Ọ̀nà wà láti ṣàtúnṣe sí i, ó sì ti pẹ́ táwọn oníṣirò ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo àtúnṣe náà, gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ní òun rí lórí ẹja pòórá. Àmọ́ inú kóòdù ni àtúnṣe náà ń gbé. Tí kóòdù bá ṣìnà, ẹja òkú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

KÓŃGÒ TÍ GBOGBO ỌJÀ Ń YÁ LÒ

Nínú àwọn kóòdù tó ń ṣe ìṣirò yìí láyé òní, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Nilearn. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láàárín àwọn onímọ̀ kan ní Inria, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ti ìjọba ibẹ̀, ní ìlú Saclay tí kò jìnnà sí Paris. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Python ni wọ́n fi kọ ọ́. Lọ́dún 2014, wọ́n gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tó ṣàlàyé ohun tó lè ṣe. Apá tó jẹ́ ti ìṣirò tí ọ̀rọ̀ ẹja dá lé yìí wà lọ́tọ̀ nígbà yẹn, Nistats ni wọ́n ń pè é. Ọdún 2020 ni wọ́n kó Nistats wọnú Nilearn, tí méjèèjì fi di ọ̀kan ṣoṣo.

Kì í ṣe òun nìkan ló wà. SPM wà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. FSL wà ní Oxford. AFNI náà wà ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1994. Ọ̀fẹ́ ni SPM fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n orí MATLAB ni wọ́n kọ ọ́ lé, owó gidi sì ni wọ́n ń ra MATLAB. Ti Nilearn kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí òun àti Python tó dúró lé lórí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká àti dátà, ì báà jẹ́ Paris ló wà, ì báà jẹ́ Ìbàdàn, lè gbà á sílẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ó lè ṣí inú rẹ̀ kó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè tún un ṣe, kó sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sáwọn tó ń bójú tó o.

Ohun tó jẹ́ kí èyí dáa náà ló jẹ́ kó léwu. Ẹni tó bá ti lọ sọ́jà mọ kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gaàrí. Tí ìdí kóńgò ìyá oníṣòwò kan bá tẹ̀ wọlé, oníbàárà tirẹ̀ nìkan ló máa jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé kóńgò kan ṣoṣo ni gbogbo ọjà ń yá lò, tí ìdí rẹ̀ wá tẹ̀, gbogbo gaàrí tí wọ́n wọ̀n lọ́jọ́ náà ni ò ní pé, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé òun ń rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Irú kóńgò bẹ́ẹ̀ ni kóòdù bíi Nilearn jẹ́. Ẹni tó ń ṣèwádìí nípa ìbànújẹ́ ọkàn ń yá a lò, ẹni tó ń ṣèwádìí nípa àìsàn ìgbàgbé àwọn arúgbó ń yá a lò, ẹni tó fẹ́ mọ bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ìwé kíkà náà ń yá a lò. Tí ìlà kan bá wọ́ nínú kóòdù, ó máa wọ́ nínú iṣẹ́ gbogbo wọn.

BÍ WỌ́N ṢE Ń YẸ ÀTÚNṢE WÒ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ń lanà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Òwe yìí ni gbogbo iṣẹ́ olùyẹ̀wò dá lé.

Ẹni tó bá ṣe àtúnṣe sí kóòdù ò ní í kàn lọ fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ṣe ló máa gbé e síta, tó máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbà á wọlé. Pull request làwọn oníkóòdù ń pe ẹ̀bẹ̀ yìí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń ṣe é, lójú gbogbo ayé. Ìlà tó yọ kúrò á hàn ní àwọ̀ pupa, èyí tó fi sí i á hàn ní àwọ̀ ewé, kó má bàa sí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kankan.

Kọ̀ǹpútà ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní àwọn ìdánwò tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, tó máa ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lórí oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà, yálà Windows, Mac tàbí Linux. Ìdánwò kan lè lọ báyìí: wọ́n á ṣe ọpọlọ àfọwọ́dá tó jẹ́ kìkì nọ́ńbà, wọ́n á fi àmì pamọ́ síbì kan tí àwọn nìkan mọ̀, wọ́n á wá ní kí kóòdù wá a rí. Tó bá rí i níbẹ̀, tí kò sì rí i níbòmíràn, ó yege. Tó bá rí i níbi tí wọn ò fi nǹkan kan sí, ẹja òkú ti tún dé nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ló kan èèyàn. Olùyẹ̀wò á jókòó, á máa ka àtúnṣe náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, á sì máa béèrè ọ̀rọ̀. Ṣé ohun tí ẹni yìí lóun ṣe ló ṣe lóòótọ́? Tó bá ní àṣìṣe kan wà tóun tún ṣe, ṣé ó kọ ìdánwò tó máa kùnà tí wọ́n bá dá àṣìṣe náà padà? Tí voxel kan kò bá ní nọ́ńbà nínú ńkọ́? Tí àwòrán náà bá tóbi ju ohun tí kọ̀ǹpútà kékeré lè gbé lọ ńkọ́? Ṣé ìṣẹ́jú àáyá ni iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ yìí àbí iye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan? Ṣé orúkọ tí wọ́n fún un máa yé ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọdún márùn-ún?

Àwọn ìbéèrè yìí lè dà bí arẹnijẹ lójú ẹni tó kọ kóòdù. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí iṣẹ́ náà, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti parí, ẹnì kan tí kò mọ̀ rí wá dé láti òkèèrè, ó ní kó lọ tún ìlà mẹ́tàdínlógún ṣe. Ìdí nìyí tí olùyẹ̀wò tó mọṣẹ́ fi máa ń fi sùúrù sọ̀rọ̀. Kóòdù ló ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́. Á sọ ibi tó dáa, á sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó, á sì sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

MÁRÙN-ÚN NI ÀBÍ MẸ́RIN?

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò mọ kóòdù, àpẹẹrẹ kan rèé tó ṣẹlẹ̀ nínú Nilearn fúnra rẹ̀.

Ká ní àwọn ìyá oníṣòwò márùn-ún tajà lọ́jọ́ kan, tí èrè wọn jẹ́ 2, 4, 6, 8 àti 10, ká pè é ní ẹgbẹ̀rún náírà. Àárín gbogbo rẹ̀ jẹ́ 6. Tẹ́nì kan bá wá béèrè pé báwo ni èrè wọn ṣe jìnnà sí àárín tó, oníṣirò á wo bí ti kálukú ṣe jìnnà sí 6, ìyẹn 4, 2, 0, 2 àti 4. Á fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ìlọ́po ara rẹ̀, yóò di 16, 4, 0, 4 àti 16. Tó bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 40.

Ibi tí ọ̀nà ti pín rèé. Ṣé márùn-ún ló máa fi pín 40 ni àbí mẹ́rin? Tó bá jẹ́ pé oníṣòwò márùn-ún yìí nìkan ló wà lọ́jà náà, márùn-ún ni yóò fi pín in, ìdáhùn ìkẹyìn á sì jẹ́ 2.83. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ṣe ló kàn mú márùn-ún nínú ọ̀pọ̀ kó lè fi wọ́n mọ bí gbogbo ọjà ṣe rí, mẹ́rin làwọn oníṣirò ní kó fi pín in, ìdáhùn á sì di 3.16. Ìdí ni pé ìwọ̀nba èèyàn tí wọ́n mú kì í sábà jìnnà síra tó gbogbo ọjà, wọ́n sì ní láti fi nǹkan lé e.

Nígbà tí Nilearn bá fẹ́ mú kí àwòrán oríṣiríṣi wà ní ìwọ̀n kan náà, ìṣirò yìí ló máa ń ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà àkọ́kọ́ ló ń gbà, bíi pé àwòrán tí wọ́n yà nìkan ló wà láyé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwọ̀nba tí wọ́n mú nínú ọ̀pọ̀ ni àwòrán náà. Lọ́dún 2023, nínú ẹ̀dà tí wọ́n pè ní 0.10.1, wọ́n fi ọ̀nà kejì kún un.

Ìyàtọ̀ méjèèjì kéré. Tí wọ́n bá ya àwòrán 200, ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹlòmíràn á ní, ṣebí kí wọ́n kàn yí i padà, kí kálukú máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àyẹ̀wò ti wúlò. Tí wọ́n bá yí i padà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹni tó ṣe ìṣirò lóṣù tó kọjá tó tún un ṣe lóṣù yìí á rí nọ́ńbà méjì, kò sì ní í mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, wọn ò pa ti àtijọ́ rẹ́ lójijì. Wọ́n fi tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní orúkọ tirẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí kóòdù máa kìlọ̀ fún ẹni tó bá ṣì ń lo ti àtijọ́ pé tó bá yá, yóò kúrò.

Àwọn tó rò pé àṣejù nirú nǹkan báyìí, kí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2012. Àwọn olùwádìí kan ní ilẹ̀ Netherlands mú sọ́fúwíà mìíràn tó ń jẹ́ FreeSurfer, tó máa ń wọn bí apá kọ̀ọ̀kan nínú ọpọlọ ṣe tóbi tó. Wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ tuntun àti àwọn ẹ̀dà tó ṣáájú wọn àwòrán kan náà. Ìdáhùn tí wọ́n rí fi ìdá 8.8 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ síra tí wọ́n bá ro ó pọ̀. Kódà, nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀dà kan náà sórí kọ̀ǹpútà oríṣi méjì, ìyàtọ̀ ṣì wà. Ọpọlọ ò yí padà, kóńgò ló yí padà.

ÀṢÌṢE TÓ GBÉ NÍTA GBANGBA FÚN ỌDÚN MẸ́Ẹ̀Ẹ́DÓGÚN

Ọ̀rọ̀ tó mi ilé-iṣẹ́ àwòrán ọpọlọ tìtì jù lọ wáyé lọ́dún 2016. Anders Eklund àti Hans Knutsson láti Linköping University ní Sweden, pẹ̀lú Thomas Nichols tó wà ní University of Warwick ní Ìlú Ọba nígbà náà, fẹ́ mọ̀ bóyá sọ́fúwíà mẹ́ta tó gbajúmọ̀ jù ṣeé gbára lé, ìyẹn SPM, FSL àti AFNI. Wọ́n kó àwòrán àwọn èèyàn 499 tí ara wọn dá, tí wọ́n kàn sùn sínú ẹ̀rọ láìṣe nǹkan kan. Níwọ̀n bí wọn ò ti ṣe nǹkan kan, ohun yòówù tí kọ̀ǹpútà bá ní òun rí, irọ́ ni. Wọ́n ṣe ìṣirò náà nígbà tó ń lọ sí mílíọ̀nù mẹ́ta.

Tí gbogbo rẹ̀ bá dáa, 5 nínú 100 ló yẹ kó jẹ́ irọ́. Fún àwọn ọ̀nà ìṣirò kan, wọ́n rí i pé irọ́ náà lè tó 70 nínú 100. Ohun tó fa èyí tó pọ̀ jù ni pé àwọn sọ́fúwíà náà ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ariwo inú ọpọlọ ń rìn ní ìlànà kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò rìn bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ náà, wọ́n tún kan nǹkan mìíràn. Nínú apá kan AFNI tí wọ́n ń pè ní 3dClustSim, àṣìṣe kan wà níbẹ̀ tó ti wà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àṣìṣe náà ń mú kí kóòdù ka ibi tó ń wá nǹkan sí kékeré ju bó ṣe tóbi lọ, nípa bẹ́ẹ̀ ohun tí kò tó nǹkan á dà bí ohun ńlá. Àwọn tó ni AFNI tún un ṣe ní oṣù karùn-ún ọdún 2015. Wọ́n sì ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ìpalára tí àṣìṣe yìí nìkan ṣe kò pọ̀ púpọ̀.

Nígbà tí ìwádìí náà kọ́kọ́ jáde, àwọn tó kọ ọ́ ní iṣẹ́ ìwádìí bí 40,000 ni ọ̀rọ̀ náà lè kàn. Ìwé ìròyìn káàkiri ayé gbé e gẹ̀gẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tún ọ̀rọ̀ náà sọ pé iye yẹn ti pọ̀ jù, Nichols sì fojú bu èyí tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an sí nǹkan bí 3,500. Pẹ̀lú bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá lo ọdún mẹ́ta lórí iṣẹ́ tó wá rí i pé tiẹ̀ wà lára 3,500, kò sí ìtùnú níbẹ̀ fún un.

Ohun tó yẹ kéèyàn di mú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kóòdù AFNI kò fara pa mọ́. Ìta gbangba ló wà, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá, kò sẹ́ni tó wo igun ibẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn tẹ́nì kan wọlé nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ pẹ̀lú: nítorí pé ó ṣí sílẹ̀ náà ni wọ́n fi lè tọ ẹsẹ̀ àṣìṣe náà dé orísun rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá a. Tó bá jẹ́ pé inú àpótí tí wọ́n tì pa ló wà, bóyá títí dòní ni ì bá ṣì wà níbẹ̀.

IṢẸ́ TÍ WỌN KÌ Í PÀTẸ́WỌ́ FÚN

Ẹlòmíràn lè béèrè pé tí kóòdù bá ti péye, ṣé ìṣòro ti tán nìyẹn? Kò tán. Lọ́dún 2020, ìwádìí kan jáde nínú ìwé Nature, níbi tí wọ́n ti kó àwòrán ọpọlọ èèyàn 108 fún ikọ̀ onímọ̀ 70, tí wọ́n sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́sàn-án kan náà. Kò sí ikọ̀ méjì tó gba ọ̀nà kan náà ṣe ìṣirò wọn látòkèdélẹ̀, ìdáhùn wọn sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà ò sì bára mu. Ọwọ́ tó di kóńgò mú náà ní tiẹ̀ nínú ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n kóńgò ni ìbẹ̀rẹ̀. Èèyàn ò lè bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí ọ̀nà tó dáa jù nígbà tí kò dá a lójú pé nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ òun péye. Nilearn kì í ṣe irinṣẹ́ tí dókítà fi ń pinnu oògùn tí aláìsàn máa lò lọ́la, irinṣẹ́ ìwádìí ni. Àmọ́ ìwádìí òní ni ìtọ́jú ọ̀la. Àṣìṣe tó bá wọlé níbẹ̀ lónìí lè rìn lọ jìnnà kó tó hàn sójú, owó àti ọdún àwọn èèyàn á sì ti bá a lọ.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, iṣẹ́ olùyẹ̀wò kì í gbé orúkọ èèyàn lékè. Nílé ẹ̀kọ́ gíga, àpilẹ̀kọ tí olùkọ́ bá gbé jáde ni wọ́n fi ń gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kì í béèrè iye àtúnṣe tó bá ẹlòmíràn kà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é, àfikún ni wọ́n fi ń ṣe, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti parí iṣẹ́ tí wọ́n ń gba owó lé lórí. Àtúnṣe tó ń wọlé máa ń pọ̀ ju ojú tó wà láti kà á lọ. Ẹni tó bá sì ti rẹ̀ lè sọ pé "ó dáa, ẹ gbà á wọlé" láìkà á délẹ̀. Bí ìdí kóńgò ṣe ń tẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó dùn mọ́ni ni pé ibẹ̀ ò ní gèètì. Kò pọn dandan kéèyàn jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kó tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ka àlàyé kan tí kò yé e, tó sì sọ pé kò yé òun, ti ṣe àyẹ̀wò nìyẹn. Ẹni tó gbé kóòdù sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́, tó kọ ọ́ ránṣẹ́ pé báyìí báyìí ló ṣẹlẹ̀, òun náà ti ṣe é. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹja Bennett ti kú kó tó dé inú ẹ̀rọ, kò sì mọ̀ pé òun kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ kankan. Kọ̀ǹpútà náà ò mọ̀ pé òun purọ́, nítorí ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe. Èèyàn nìkan ló lè wo nọ́ńbà náà kó ní, "Ẹ dúró ná, ẹja òkú nìyí." Níwọ̀n ìgbà tẹ́nì kan bá ṣì wà lẹ́yìn ẹni tó ń lanà, tó ń wò ó bóyá ọ̀nà náà gún, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní í ṣìnà.